Ibi Tí Ẹnikẹ́ni Ò Ti Ní Kan Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ tí ọkọ mi wa ọkọ̀ náà dé iwájú ilé wa ní Thamesmead Moorings, ní London, ìrẹsì ni mò ń sè lọ́wọ́. Ṣàdédé ni ilé ìdáná ṣókùnkùn. Mo rò pé iná ló lọ, àṣà Èkó ò tíì kúrò lára mi. Àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí nǹkan funfun gbàgàdà kan tó ti dí ojú fèrèsé mi pa. Mo sáré jáde tèmi ti ṣíbí lọ́wọ́. Ọkọ mi wà lókè nídìí sítíá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

"Madam," ó ní, "wá wo ilé ẹ kejì."

Campervan ni òyìnbó ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní sítóòfù olójú méjì, ó ní fìríìjì tí ò lè gba odidi adìẹ, ó sì ní ilé ìtọ̀ kan tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ ti pinnu ohun tó fẹ́ ṣe kó tó wọlé, torí kò sáyè láti yí padà níbẹ̀. Bàbá òyìnbó kan ní Plumstead ló tà á fún un. Ajá bàbá náà ti sùn nínú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òórùn ajá yẹn ò sì gbọ́ rárá pé wọ́n ti ta ọkọ̀.

"Ta ló máa sùn nínú ẹ̀?" mo bi í.

"Èmi pẹ̀lú ẹ ni."

"Ìwọ àti ta?"

Mo máa ń fi ẹ̀yin bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ o, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí inú bá ti bí mi, ẹ̀yin yẹn ló máa kọ́kọ́ sá jáde nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níkùn ọkùnrin yìí, kẹ́ ẹ má bàa rò pé orí ẹ̀ dàrú. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wa bọ́ọ̀sì láti Woolwich dé Thamesmead, àti láti Thamesmead padà sí Woolwich. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni álàámù ẹ̀ máa ń dún, kó lè gbé bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ jáde. Kì í sùn wọra. Etí kan ló máa fi ń sùn, kó má bàa pẹ́. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n ṣì ń gbẹ́ ilẹ̀ Woolwich káàkiri nítorí ọkọ̀ ojú irin tuntun, tó ti fi wákàtí kan àtààbọ̀ jókòó sínú bọ́ọ̀sì tí ò rìn, ó wọlé, ó jókòó sídìí tábìlì, kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù.

"Ṣó o mọ̀ pé mi ò tíì débì kankan rí nílùú yìí?" ó ní. "Tí mo bá ti dé ibùdókọ̀ tó gbẹ̀yìn, màá yí orúkọ iwájú bọ́ọ̀sì, màá tún padà síbi tí mo ti ń bọ̀. Mo fẹ́ wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà kan títí ọ̀nà yẹn á fi tán. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ó ti wo máàpù. Lókè lọ́hùn-ún ní Scotland, ọ̀nà kan wà tó ń lọ títí tó fi kan òkun, tó sì tán síbẹ̀. Ó ti fi báírò pupa yí i ká.

Mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Ìrìnàjò ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ohun tí mo kórìíra ni kí n sùn síbi tí kì í ṣe tèmi. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé London, orí kápẹ́ẹ̀tì nínú pálọ̀ onílé kan ní Woolwich la sùn, odindi ọdún kan àti oṣù méjì. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, Ọlọ́run á bù kún wọn, ṣùgbọ́n inú pálọ̀ yẹn ni wọ́n ń gbà lọ sílé ìdáná. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, gbà, gbà, gbà, lára ilẹ̀kùn. Kíá, a ó ká ibùsùn, a ó jókòó sórí àga bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, pẹ̀lú ojú wíwú. Oyún ọmọ wa obìnrin wà nínú mi nígbà yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ilé wa, mo ti ilẹ̀kùn, mo fẹ̀yìn tì í, mo sunkún, mo ní kò sẹ́ni tó tún máa kan ilẹ̀kùn lé mi lórí níbi tí mo bá ti ń sùn mọ́ láyé mi.

Òun wá lọ ra ilẹ̀kùn tó ní táyà lábẹ́.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ò jẹ́ kó rọrùn fún mi. Aládùúrà ni wá, ìjọ aṣọ funfun. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, màmá kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rọra ki búrẹ́dì sí mi nínú báàgì.

"Mummy, ẹ má jẹ̀ẹ́ kójú tì yín," wọ́n ní. "A gbọ́ pé inú mọ́tò lẹ ń gbé báyìí. Yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ mi o."

Ẹ gbà mí! Mo gbé búrẹ́dì délé, mo jù ú sórí ẹsẹ̀ ọkọ mi, mo ní ká jọ sọ ọ́ tán lónìí.

"Òru mẹ́ta la máa sùn lọ́nà ká tó dé ibi tẹ́ ẹ fi báírò yí ká," mo ní. "Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá ẹyọ kan péré fún mi, tí a máa sùn mọ́jú tí ẹnikẹ́ni ò ní kan ilẹ̀kùn. Tẹ́ ẹ bá rí i, ọkọ̀ yín lè máa gbé níwájú fèrèsé mi títí Jésù á fi dé. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, gbàrà tí a bá délé, ẹ tà á."

Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí olóṣèlú. Ó tiẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọmọ wa obìnrin pè mí lórí fóònù, ó ní app kan wà tó ń júwe gbogbo ibi tí èèyàn lè gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sùn sí. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, kò mọ ẹ̀yin yàtọ̀ sí ìwọ. "Mum, o ní láti book," ó ní. "Summer ni. Everywhere máa full. O ò lè kàn lọ park síbi tó bá ṣáà ti wù ẹ́."

Ọkọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ṣé Ábúráhámù book kó tó kúrò nílé bàbá ẹ̀?"

Ó ti ní ètò tiẹ̀. Ní ìlú wọn ní Ìjẹ̀bú, ilé kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí wọ́n ń pè ní ilé àánú. Àlejò tí ilẹ̀ bá ṣú bá wọbẹ̀, á tẹ́ ẹní, wọ́n á bu omi fún un, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló wá ṣe. Gbogbo abúlé òyìnbó ló ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ní ọgbà. Ilé Bàbá òun ni. Ta ló máa wá kan ilẹ̀kùn lé òun lórí nílé Bàbá òun?

"Dad, kò rí bẹ́ẹ̀ níbí o," ni ọmọ wí.

"Ìgbàgbọ́ ẹ kéré," ni bàbá ẹ̀ dá a lóhùn, ó sì pa fóònù.

A gbéra nínú oṣù kẹfà, lẹ́yìn àdúrà aago mẹ́fà àárọ̀, pẹ̀lú kúlà ìrẹsì kan, ẹran díndín, sùtánà wa méjèèjì lórí hángà, àti gálọ́ọ̀nù omi àdúrà kan tí ọkọ mi de bẹ́líìtì fún bí èèyàn. A gba ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ odò kọjá, a dorí kọ òkè. Gbogbo ibùdókọ̀ tí a bá rí lẹ́bàá ọ̀nà ni ẹsẹ̀ ẹ̀ ń wá búréèkì. Kò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹsẹ̀ yẹn ló ń dá ṣe é. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ nawọ́ sí wa níbì kan, ọkọ mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣílẹ̀kùn fún un.

Nígbà tó fi máa di aago méje ìrọ̀lẹ́, ó rí ohun tó ń wá. Abúlé kékeré kan, ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta tó ní ilé agogo gíga, géètì ṣí sílẹ̀, àyè tó tó bọ́ọ̀sì mẹ́rin níwájú ẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà síbẹ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ọkọ mi wò mí tẹ̀gàn-tẹ̀gàn, ó páàkì. A kì í wọ bàtà nílé Ọlọ́run, torí náà a bọ́ bàtà, a wọ sùtánà, a fẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta yẹn, yéè, àtẹ́lẹsẹ̀ mi! A kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ńlá, a tan àbẹ́là méje sórí àtẹ̀gùn, a kọrin, ọkọ mi sì wọ́n omi sára ilẹ̀kùn náà dáadáa. A padà sínú ọkọ̀, a jẹ ìrẹsì, a dùbúlẹ̀.

Kò tó wákàtí kan, iná mọ́tò tàn wọlé. Lẹ́yìn náà, kò, kò, kò.

Tọkọtaya òyìnbó kan ló dúró síta, àwọn àpò ọjà wà lọ́wọ́ wọn. Obìnrin náà kí wa jẹ́jẹ́, ó ní ṣé kò sí nǹkan, ó ní kí là ń ṣe nínú ọgbà àwọn.

"Ilé Ọlọ́run ni," ọkọ mi wí fún un.

"Ilé wa ni," obìnrin náà ní. "A rà á."

Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò yé ọkọ mi, ló bá ṣílẹ̀kùn, ó rọra fẹsẹ̀ ré àwọn àbẹ́là wa kọjá, ó tan iná. Ibi tó yẹ kí pẹpẹ wà, fìríìjì ńlá ló wà níbẹ̀, onílẹ̀kùn méjì. Àga tìmùtìmù ló wà níbi tí ìjọ ń jókòó sí, tẹlifíṣọ̀n sì wà lára ògiri níbi tí wọ́n ń gbé àgbélébùú kọ́. Bàtà eré ìje méjì wà nínú ìkòkò òkúta tí wọ́n fi ń ṣèrìbọmi.

Ọkọ mi di ẹnu ọ̀nà mú. "Wọ́n ta ilé Bàbá mi," ó ní lédè Yorùbá. "Mummy, wọ́n tà á, wọ́n sì fi fìríìjì sí i."

Mo fẹ́ bá a kẹ́dùn, ẹ̀rín ló gbà mí lẹ́nu. Torí ṣọ́ọ̀ṣì tiwa ní Thamesmead, ilé táyà ni tẹ́lẹ̀! Àárín ilé tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe àti ilé tí wọ́n ti ń ta táìlì la ti ń sin Ọlọ́run, àpá ọ́ìlì mọ́tò ṣì wà nílẹ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. A sọ ilé iṣẹ́ wọn di ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn náà sọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn di ilé. Obìnrin náà ò bínú sí wa. Ó júwe ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ kan fún wa níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù ń sùn, ó sì bá wa kó àbẹ́là wa.

"Ìkànkùn kan," mo ní, bí a ṣe ń jáde ní géètì.

Lọ́jọ́ kejì, a ti kọjá ìlú mẹ́ta. Ọkọ mi ṣàdédé lu sítíá. Ó ní òun ti rí àṣìṣe òun. Tó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ti di ilé nílùú yìí, ká yéé wá ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ilé. Ibi tí ilé iṣẹ́ wà ni ká lọ. Níbẹ̀ ni àwọn èèyàn wa máa wà.

Òtítọ́ sì ni! Nírọ̀lẹ́, ní ìlú ńlá kan lápá àríwá, a wọ ọgbà ilé iṣẹ́ kan. Láàárín ilé tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀kùn àti ilé tí wọ́n ti ń gbé irin ṣeré ìdárayá, a rí bánà ìjọ aṣọ funfun kan, tó tóbi gbàgàdà, tó ní àwòrán wòlíì lára. Ọkọ mi fò sókè. Ó pe nọ́ńbà tó wà lára bánà, kò sẹ́ni tó gbé e, ó ní kò burú, ará ilé ni wá. Ó páàkì síwájú ilẹ̀kùn wọn gan-an. Mi ò lè purọ́, ara tu èmi náà. Mo sùn.

Aago márùn-ún àárọ̀. Kò, kò, kò.

"Sir, you can't park here, sir," ni ohùn ọkùnrin kan ń wí.

Ọkọ mi ṣílẹ̀kùn. Sìkiọ́rítì ni, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó wọ ẹ̀wù olómi ọsàn tó ń kọ mànà. Ojú ẹ̀ kọjá lára ọkọ mi, ó rí sùtánà lórí hángà, ó rí gálọ́ọ̀nù omi nínú bẹ́líìtì, ó rí mi pẹ̀lú gèlè tí mo fi sùn. Kò sọ òyìnbó mọ́. Gbalaja ló nà sórí ọ̀dà.

"Ẹ káàárọ̀ sà! Ẹ káàárọ̀ mà! Ẹ ò sùn dáadáa bí, Mummy?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi," mo dá a lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bóyá ló fi ọdún méjì kéré sí mi.

Ó dìde, ó gbọn orúnkún. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé e kúrò."

"Ṣé torí pé a páàkì síwájú ṣọ́ọ̀ṣì?" ọkọ mi bi í. "Ọmọ ìjọ ni wá!"

"Daddy, ọmọ ìjọ lèmi náà. Ìjókòó mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń wò wá. Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ yìí gan-an, wọ́n máa bi mí lọ́fíìsì pé kí ló ṣubú lulẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin òbí mi."

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ sí i? Gbogbo ọ̀wọ̀ tí ẹnì kan lè bù fún àgbà ló bù fún wa, ó sì fi gbogbo ẹ̀ lé wa jáde. Mo fún un ní ẹran díndín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tún dọ̀bálẹ̀, lójú kámẹ́rà, ó sì ṣí géètì.

"Èjì," mo ní. Ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu mi bíi ti àkọ́kọ́.

Ọjọ́ kẹta yẹn, a wọ Scotland. Òkè, omi, àgùntàn, òkè. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Èmi tí mo ti múra láti máa ráhùn, ẹnu mi ò lè pa dé. Àmọ́ ọkọ mi kàn ń wakọ̀ ni. Mo wá ṣàkíyèsí nǹkan kan: ibùdókọ̀ kan wà lẹ́bàá ọ̀nà, òun nìkan láàárín pápá, a kọjá lára ẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ mi ò sì wá búréèkì. Ìyẹn dùn mí ju ohun tí mo lè sọ lọ. A dúró níbi mẹ́ta tí wọ́n ti ń gba àwọn ọlọ́kọ̀ sùn, gbogbo ẹ̀ ti kún, bí ọmọ wa ṣe wí. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. "Kò burú," ló ń wí fún wọn.

Nírọ̀lẹ́, kùrukùru bò wá. Ó wá láti apá òkun, ó nípọn débi pé a ò rí imú ọkọ̀ wa. Ọ̀nà ti tín-ín-rín, ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà ti dákẹ́ láti nǹkan bíi wákàtí kan sẹ́yìn. Ọkọ mi wọ́ ọkọ̀ lọ bí ẹni ń wá owó ẹyọ nílẹ̀, títí tó fi rí ibi tó fẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri olókùúta kan. Ó pa iná. Ó ní ọ̀la la máa wá ibi tí ọ̀nà tán.

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀. "Tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, mi ò ní bá ẹ jà," ó ní. "Ọ̀rọ̀ wa lọ̀rọ̀ wa. Tí a bá délé, màá tà á. Ó kéré tán, mo ti rí díẹ̀."

"Ẹ sùn," mo ní.

Lókè ibẹ̀, tó bá ti di aago mẹ́rin, ojúmọ́ ti mọ́. Nǹkan bí aago márùn-ún ni mo dìde fún àdúrà. Mo wọ sùtánà, mo borí, mo wá àyè kúnlẹ̀ sí láàárín bẹ́ẹ̀dì àti síǹkì. Ìgbà yẹn ni mo wo ọkọ mi. Ẹnu ẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó na apá kan sí mi lórí ìrọ̀rí, ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ọlọ. Ó ti tó aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti kọjá, kò sì jí. Ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò rí i kó sùn báyìí rí. Ojú ẹ̀ dà bí ojú ẹni tí mo pàdé nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́.

Kò, kò.

Kó tó kan ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo ti fò dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo ti ṣí i, mo ti bọ́ sílẹ̀, mo ti pa á dé lẹ́yìn mi, ìka kan lórí ètè mi.

Àgbẹ̀ kan ni, òyìnbó arúgbó, pẹ̀lú bàtà rọ́bà àti ajá kan. Ẹ rò ó wò: obìnrin dúdú, aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, kò wọ bàtà, ó jáde látinú kùrukùru, ó ń sọ fún un pé kó dákẹ́. Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Mo rò pé ó rò pé wọ́n ti wá pe òun lọ sọ́run ni. Ajá ẹ̀ jókòó.

Nígbà tó rí i pé ẹlẹ́ran ara ni mí, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. A ti dí géètì òun. Mo wo ẹ̀yìn. Ohun tí a pè ní ògiri lálẹ́ àná, géètì wà lára ẹ̀ lóòótọ́, nǹkan bí ọgọ́rin àgùntàn sì tò sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ń wò mí bí èrò tó ti pẹ́ ní ibùdókọ̀.

"Jí ọkọ ẹ," ó ní, "kó sún un síwájú."

"Rárá," mo ní.

Ó wò mí.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń wa bọ́ọ̀sì," mo ní. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́ fún un. "Kì í sùn. Ó ń sùn báyìí."

Ọkùnrin náà wá nawọ́ sísàlẹ̀ ọ̀nà. Ó ní kí n wa á lọ díẹ̀ síwájú, pápá tó tẹ́jú kan wà nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dí wa lọ́wọ́ níbẹ̀.

Kí ni mo mọ̀ nípa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Mọ́tò kékeré tí mo fi ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó ní Abbey Wood ni mo mọ̀ ọ́n wà. Mi ò tíì wa ohun tó ní síǹkì rí. Mo fi ìró wé àwọn ìkòkò kí wọ́n má bàa dún. Mo gun ìjókòó awakọ̀. Ọkọ mi ga bí òpó iná, èmi sì rèé, ẹsẹ̀ mi ò kan nǹkan kan. Mo fa ìjókòó síwájú, mo fà á, mo fà á títí àyà mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sítíá. Mo ní Jésù, gba sítíá yìí. Mo yí kọ́kọ́rọ́.

Àgbẹ̀ náà ń rìn lọ níwájú, ó ń fi fìlà ṣẹ́wọ́ sí mi bí ọ́ṣà ṣe ń júwe ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ajá ń bá a lọ. Mo fi gíà kìíní wọ́ ọ tẹ̀ lé wọn. Níbi tí a ti bọ́ sínú kòtò kékeré kan, gbogbo ilé náà mì tìtì, ọkọ mi sì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Hold tight, please," ó ní lójú oorun, bó ṣe máa ń ní kí èrò bọ́ọ̀sì di nǹkan mú. Ó yí ara padà, ó tún ń hanrun.

Nísàlẹ̀ níbẹ̀, táyà mi bọ́ lórí ọ̀dà sórí koríko. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Kùrukùru ti ń gbéra nílẹ̀. Koríko ni níwájú mi, lẹ́yìn ẹ̀ iyanrìn, lẹ́yìn iyanrìn omi, omi náà ò sì lópin. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ibi tí ọ̀dà dúró sí. Mo bi àgbẹ̀ náà pé níbo ni ọ̀nà yìí tún gbà. Ó ní kò gba ibì kankan. Ibí ló tán sí.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo dúró lórí iyanrìn tútù yẹn, mo sunkún. A ti sùn sí ìtòsí ibi tí a ń wá, a ò mọ̀. Ó ku bí ibùdókọ̀ méjì péré, tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì ni.

Mo rọra wọlé padà, mo ki ẹsẹ̀ mi tó tutù sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti kan ilẹ̀kùn o. Òru mẹ́ta, ìkànkùn mẹ́ta. Mo ti borí nínú àdéhùn wa. Látibi tí mo sùn sí, mo ti ń rí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ nínú ilé ìdáná mi ní Thamesmead.

Aago mẹ́sàn-án kọjá kó tó jí. Mo gbọ́ tó fa kọ́tìnì.

"Mummy," ó ní. "Mummy, dìde. Ọ̀nà ti tán."

Mo ṣe bí ẹni ń nu ojú oorun. Ó yíjú sí mi, ẹ̀rù sì wà lójú ẹ̀.

"Ta ló kan ilẹ̀kùn?"

"Kò sẹ́ni," mo ní.

"Kò sẹ́ni rárá?"

"Mo ní kò sẹ́ni. Àbí kí n búra?"

Yéè, ẹ bá mi wo ọkùnrin! Pẹ̀lú ṣòkòtò tó fi sùn ló fò síta. Ó yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń fọwọ́ gbá a lára. "Wo bí mo ṣe páàkì nínú kùrukùru! Mi ò ríran o! Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n! Wọ́n á ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì lásán ni!" Ó káṣọ sókè, ó rìn wọnú òkun dé orúnkún, ó dúró síbẹ̀, ó kọjú sí ibi tí kò sí ọ̀nà mọ́. Mo se tíì, mo jẹ́ kó dúró síbẹ̀ bó ṣe fẹ́.

Ọ̀sán ni a tó múra láti padà sílé. Ó gun ìjókòó awakọ̀ tayọ̀tayọ̀, orúnkún ẹ̀ méjèèjì sì gbá sítíá, gbàà. Ó dúró. Ó wo ìjókòó tó ti lọ síwájú. Ó wo iyanrìn tó gbẹ sí mi lọ́rùn ẹsẹ̀. Èmi ń wo àwọn àgùntàn láti ojú fèrèsé, mo ń kà wọ́n.

Ó nawọ́ sábẹ́, ó ti ìjókòó náà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bá ẹsẹ̀ ẹ̀ mu.

"Ṣó o ti de bẹ́líìtì ẹ?" ó bi mí.

Mo ní mo ti dè é. A sì yí padà.

Ọkọ̀ náà ò kúrò níwájú fèrèsé mi títí dòní, ọ̀sán gangan ni mo ń tan iná kí n tó lè rí ata tí mò ń gé. Gbogbo àlejò tó bá wọlé wa ni ọkọ mi ń sọ ìtàn náà fún, bí òun ṣe wa ọkọ̀ láti Thamesmead títí ọ̀nà fi tán, bí òun ṣe páàkì nínú kùrukùru láìríran. Tó bá ti kan ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti kan ilẹ̀kùn, á dúró, á wojú mi. Èmi, ọmọ ẹgbẹ́ àdúrà, màá gbójú sókè, màá ní, "Kò sẹ́ni." Ọkọ mi á wá rọra fi ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, á sì máa bá ìtàn ẹ̀ lọ.